Ibà pọ́njú lára ọmọ tuntun: ojú lásán kò lè wọ̀n ọ́n

Ọjọ́ kẹjọ ni Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ. Ní Sẹ́kọ̀nà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Ẹdẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, gẹ́gẹ́ bó ti rí káàkiri ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire, ọjọ́ méje tó ṣáájú ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Ìyá àgbà ń wẹ ọmọ, omi gbígbóná ń hó lórí iná, bàbá ọmọ sì ń wá owó tí yóò fi ṣe ìkómọ. Inú yàrá ni ìyá àti ọmọ máa ń wà, wọn kì í sì í fẹ́ ṣí fèrèsé nítorí òtútù. Àárín ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni ibà pọ́njú máa ń yọ́ wọlé sára ìkókó, nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò tó láti fi rí i dáadáa.

Bí wọ́n bá sì rí i, ìmọ̀ràn á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé láti ọ̀tún àti òsì. Ẹnìkan á ní kí wọ́n gbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀. Ẹlòmíràn á ní omi glúkóòsì ni. Oníkẹ́míìsì á nawọ́ sí Ampiclox. Ìyá ọkọ á ní àgbo ni wọ́n fi wo ọkọ ìyàwó nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì kan lè sọ pé yóò lọ fúnra rẹ̀. Dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá sì lè wo ọmọ kan náà, kó ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ta ni kí òbí gbọ́ tirẹ̀?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ tàbí ti aláìgbọ́ràn. Òbí tó ń ṣàníyàn lórí ọmọ rẹ̀ kò ṣe àṣejù. Ìṣirò kan tí àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ìkókó gbé jáde lọ́dún 2013 sọ pé, lọ́dún 2010 nìkan, ó tó 114,000 ọmọ tuntun tí àìsàn yìí pa ní gbogbo àgbáyé, tí ó sì lé ní 63,000 mìíràn tó yè é ṣùgbọ́n tí ọpọlọ wọn bàjẹ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń tètè wọn ọmọ tí wọ́n sì ń tètè tọ́jú rẹ̀, irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ìwọ̀n àti àkókò lọ.

KÍ NI IBÀ PỌ́NJÚ?

Ọ̀rọ̀ kan náà, "pọ́n", ni Yorùbá ń lò fún ojú tó pupa, fún epo àti fún èso tó gbó lórí igi. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé ojú ọmọ pọ́n, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú èyí tó ń sọ. Pípọ́n ojú ẹni tí àpólò ń yọ lẹ́nu kọ́ ni à ń wí. Funfun inú ẹyinjú ọmọ ni yóò di àwọ̀ ìyeyè, awọ ara rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ ibà, ara ọmọ lè má gbóná rárá. Kì í ṣe ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń kó ran ènìyàn ni, kì í sì í ràn láti ara ọmọ kan dé ara ọmọ mìíràn.

Ibi tó ti ń wá kò ṣòro láti yé ènìyàn. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ kì í wà títí láé. Bí wọ́n bá gbó, ara á fọ́ wọn, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí àwọn dókítà ń pè ní bilirubin á sì ti inú wọn jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ títí tí yóò fi lè bá ìgbẹ́ jáde. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ibi ọmọ ló ń gbé bilirubin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá, ẹ̀dọ̀ ìyá á sì bá a kó o dànù. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́, ẹ̀dọ̀ kékeré ọmọ ló kù tí yóò dá iṣẹ́ náà ṣe, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbó tó. Sẹ́ẹ̀lì pupa ọmọ tuntun tún pọ̀, wọn kì í sì í pẹ́ gbó bíi ti àgbàlagbà. Iṣẹ́ pọ̀, òṣìṣẹ́ sì kéré.

Ìdí nìyí tí nǹkan bí 60 nínú 100 ọmọ tí oṣù wọn pé fi máa ń pọ́n díẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú àwọn tí oṣù wọn kò pé, wọ́n tó 80 nínú 100. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni ara wọn máa ń mọ́ láìsí oògùn. Òótọ́ yìí gan-an ló ń tan òbí jẹ. Nítorí pé ti ọmọ ará ilé kejì lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e sí oòrùn, ilé á gbà pé oòrùn ló lé e lọ. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ì bá yá bí wọn ò tilẹ̀ gbé e jáde rárá.

ÈYÍ TÍ YÓÒ LỌ ÀTI ÈYÍ TÍ YÓÒ BA ỌMỌ JẸ́

Ibà pọ́njú tí kò léwu ní àkókò tirẹ̀. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló máa ń yọjú. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni yóò ga jù, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, tí yóò sì ti lọ kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ irú èyí á máa mu ọmú dáadáa, á máa jí fúnra rẹ̀, á sì máa tọ̀, á máa yàgbẹ́.

Èyí tó bá yọjú kí ọmọ tó pé wákàtí 24 láyé kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi ojú fo. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá ń tètè ga sí i, tó kúrò lójú dé àyà, tó ti àyà dé ikùn, tó sì ti dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀.

Bí bilirubin bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò wọ inú ọpọlọ. Àmì àkọ́kọ́ kì í pariwo. Ọmọ á kàn máa sùn ṣáá, kò ní fẹ́ mu ọmú, ara rẹ̀ á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn èyí ni ẹkún rẹ̀ á yí padà, tí yóò máa dún fíínfíín, ara á le, ọrùn àti ẹ̀yìn á tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, gìrì á sì lè mú un. Nígbà tó bá dé ibi tí ọrùn ń tẹ̀ sẹ́yìn yìí, ọ̀pọ̀ ilé ni yóò sọ pé gìrì lásán ni, tí wọn yóò máa wá àgbo gìrì. Wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi wà lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn á sì lọ.

Ọmọ tó bá yè é lẹ́yìn tí bilirubin ti ba ọpọlọ jẹ́ lè di adití. Ó lè máà jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìgbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kò sí oògùn tó ń dá ọpọlọ bẹ́ẹ̀ padà sípò. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀, ọ̀nà tí a lè gbà dènà rẹ̀ kò sì farasin.

Irú kan tún wà tí kì í wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọmọ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ojú rẹ̀ ṣì pọ́n, ó yẹ kí dókítà rí i. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá tún funfun bí ẹfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà jáde láti inú ẹ̀dọ̀ ló dí. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú èyí, ó sì máa ń yọrí sí rere jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Fífi èyí sílẹ̀ pé "yóò lọ, yóò lọ" ti kó bá ọ̀pọ̀ ọmọ.

OHUN TÓ Ń FÀ Á LÁÀÁRÍN WA

Lára ohun tó ń sọ ibà pọ́njú kékeré di ńlá ni kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ má bára mu, pàápàá bí ìyá bá jẹ́ O tí ọmọ sì jẹ́ A tàbí B, tàbí bí ìyá kò bá ní Rhesus tí ọmọ sì ní in. Àìsàn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ láti ibi ìwọ́ tí wọn kò tọ́jú dáadáa wà lára rẹ̀. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé àti ọmọ tó fara ṣèṣe nígbà ìbí náà wà nínú ewu.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Èyí ni àìtó èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Èròjà yìí ló ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa kí ó má baà fọ́. Ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, Lucio Luzzatto, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ítálì, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìwádìí tí gbogbo ayé mọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin márùn-ún láàárín wa ni èròjà náà kò tó lára rẹ̀. Lọ́dún 1969, wọ́n fi hàn pé kòkòrò ibà kì í gbilẹ̀ dáadáa nínú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn nígbà tó bá dàgbà díẹ̀ ni ó lè fi í sínú ewu ibà pọ́njú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ló sì ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dà láàmú. Ẹni tó ní in lè gbé ayé rẹ̀ láìmọ̀ pé òun ní in, àyàfi bí ohun kan tó ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì bá kan ara rẹ̀. Ọ̀kan nínú irú ohun bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí yàrá ìkókó: kámfọ̀, bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tó ń rùn, tí a ń kó sáàárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ti lò, tí ìyá kó sínú àpótí pẹ̀lú kámfọ̀, ni wọ́n máa ń kó jáde wá fi di àbúrò. Òórùn rẹ̀ nìkan, tí ọmọ ń fà símú, tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Lọ́dún 1980, Dókítà S. A. Olówè àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tó di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà lọ́dún 1985, gbé ìwádìí jáde lórí ewu tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ohun tó ń ta tutù nínú àwọn ìpara àti páúdà kan, ń ṣe fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó. Lọ́dún 1989, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. A. Owa ti Ilé-Ifẹ̀ kọ̀wé lórí bí àwọn ohun tí wọ́n ń lò fún ìkókó nínú ilé ṣe bá G6PD àti ibà pọ́njú tan. Láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ọmọdé ti ń kìlọ̀ pé kí kámfọ̀, róòbù àti páúdà tó ń ta tutù jìnnà sí ọmọ tuntun. Aṣọ tó bá ti bá kámfọ̀ gbé, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a, kí òórùn náà tán pátápátá kí ó tó kan ara ọmọ.

OÒRÙN ÀÁRỌ̀ ŃKỌ́?

Kò sí ìmọ̀ràn tó gbilẹ̀ tó èyí, kò sì sí èyí tó ṣòro láti bá àwọn àgbà jiyàn lé lórí, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sí oòrùn. Ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: gbogbo ibi tí oòrùn bà lára ọmọ náà ti mọ́, ibi tí aṣọ bò ṣì pọ́n. Láìpẹ́ sí i, wọ́n tún ṣàkíyèsí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan tó wà nínú ìgò lójú fèrèsé ti pàdánù púpọ̀ nínú bilirubin rẹ̀. Lọ́dún 1958, Cremer àti àwọn méjì mìíràn kọ̀wé jáde pé ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é, wọ́n sì ti fi iná ṣe ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù tí à ń rí ní ilé ìwòsàn lónìí ti ṣẹ̀.

Kí ló wá dé tí dókítà fi ń sọ pé kí a má gbé ọmọ sí oòrùn? Ìmọ́lẹ̀ búlúù tó wà nínú oòrùn ló ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn kò dá wá. Ó gbé ooru dání, ó sì gbé ìtànṣán tó ń jó awọ ara dání. Kí ìmọ́lẹ̀ náà tó lè mú bilirubin gíga wálẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ wà ní ìhòòhò lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tí wọ́n di ọmọ sínú aṣọ òtútù, kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, oòrùn á gbẹ omi ara rẹ̀, tàbí kí òtútù mú un ní àkókò ọyẹ́. Èyí tó burú jù ni pé ilé á gbà pé àwọn ti ń tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ á sì máa lọ.

Àwọn dókítà ní Nàìjíríà gan-an ló wá ọ̀nà àbáyọ sí i. Tina Slusher, dókítà ọmọdé ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Nàìjíríà, Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà ní Èkó, àti àwọn akẹgbẹ́ wọn fi ọ̀rá àkànṣe kan ṣe àtíbàbà. Ọ̀rá náà ń sẹ́ ooru àti ìtànṣán búburú kúrò nínú oòrùn, ó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Wọ́n dán an wò ní Èkó lára ọmọ 447, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2015: kò rẹlẹ̀ sí iná ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn ọmọ tí tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí òbí fi etí sí èyí dáadáa: nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, wọ́n ń wọn ooru ara wọn léraléra, wọ́n sì ń wọn bilirubin wọn. Oòrùn tí a sẹ́, tí a ń ṣọ́, tí a sì ń wọ̀n kì í ṣe ẹgbẹ́ oòrùn ẹ̀yìnkùlé.

ÌDÍ TÍ ÒBÍ FI Ń ṢIYÈ MÉJÌ

Ó rọrùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ìyá àgbà. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn dókítà méjì láti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Ṣágámù, Ògúnfọwọ́rà àti Daniel, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko mọ̀ nípa ibà pọ́njú ọmọ tuntun. Nínú 66 tí wọ́n bi léèrè, díẹ̀ ló fi lé ní ìdajì tó lè sọ ohun tó jẹ́ bó ti yẹ, àwọn kan sì wà nínú wọn tí yóò fún ọmọ ní oògùn tí kò kàn án. Nítorí náà, nígbà mìíràn, ẹnu ẹni tó wọ aṣọ funfun ni ìmọ̀ràn oòrùn àti omi glúkóòsì ti ń jáde.

Ìrántí mìíràn tún wà. Ní ìparí ọdún 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn olómi kan fún ọmọ tó ń hu eyín, My Pikin, tí ilé iṣẹ́ Barewa ṣe ní Èkó, ní májèlé nínú. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 80. Òbí wọn kò ṣe ohun tó burú. Oògùn tí wọ́n rà ló dalẹ̀ wọn. Ẹni tí èyí wà lọ́kàn rẹ̀, tó sì rọra ń bi dókítà léèrè ohun tó fẹ́ fún ọmọ òun, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ ọn.

Ìmọ̀ ìṣègùn pàápàá ti ṣàṣìṣe lórí ibà pọ́njú rí. Lọ́dún 1956, ní ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní New York, William Silverman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú oògùn méjì tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé láti dènà àrùn wéra. Wọ́n rí i pé ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ti ìdílé sọ́fà, ń jẹ́ kí bilirubin wọ ọpọlọ, ó sì ń pa wọ́n. Ohun tó tú àṣírí náà ni pé wọ́n kà, wọ́n sì wọ̀n. Ibi tí ìgbẹ́kẹ̀lé yẹ kó dúró lé nìyẹn. Kì í ṣe pé dókítà kì í ṣìṣe, bí kò ṣe pé ohun tí a bá wọ̀n, a lè mọ̀ bó bá kùnà. Ta ni ó ń ka iye ọmọ tí àgbo kò wò sàn?

ÌWỌ̀N NI KÍ ÒBÍ BÉÈRÈ

Ojú ènìyàn kò lè sọ iye bilirubin tó wà lára ọmọ, pàápàá ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú. Ojú dókítà kò lè ṣe é, ojú ìyá àgbà kò lè ṣe é. Ohun tí ojú lè ṣe ni kó kìlọ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n gbé ọmọ sún mọ́ fèrèsé tó ṣí, kí wọ́n wo funfun ojú rẹ̀, èrìgì rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí àwọ̀ ìyeyè bá wà níbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà láti fi wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ń fi kan iwájú orí tàbí àyà ọmọ láìfa ẹ̀jẹ̀ rárá. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yẹ gbogbo ọmọ wò kí wọ́n tó kúrò ní ilé ìgbẹ̀bí.

Àwọn ìbéèrè tí òbí lè bi dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kò le, kò sì sí àrífín nínú wọn bí a bá bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bi:

- Ẹ jọ̀ọ́, eélòó ni bilirubin ọmọ wa, eélòó sì ni kò yẹ kó kọjá fún ọmọ tó jẹ́ ọjọ́ orí tirẹ̀? Iye tí kò léwu fún ọmọ ọjọ́ márùn-ún lè léwu fún ọmọ ọjọ́ kan.
- Ìgbà wo ni ẹ óò tún un wọ̀n?
- Kí ni irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ àti ti ìyá rẹ̀? Ṣé ẹ ti yẹ G6PD rẹ̀ wò?
- Bí kò bá lọ sílẹ̀, kí ló kàn?

Ẹni tó bá lè dáhùn wọ̀nyí mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá sọ pé "yóò lọ" láìwọ̀n ọ́n, kí òbí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé ọmọ lọ síbi tí wọn yóò ti wọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ sábẹ́ iná búlúù, wọn á bọ́ aṣọ rẹ̀, wọn á sì fi nǹkan bo ojú rẹ̀ kí iná má baà pa á lára. Ìyá á máa fún un lọ́mú. Ìgbẹ́ rẹ̀ lè rọ̀, kó sì dà bí àwọ̀ ewé. Bilirubin tó ń jáde ni, kì í ṣe pé iná ń ba inú rẹ̀ jẹ́.

Pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń dẹ́rù ba òbí jù. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó wọn kílò mẹ́ta kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lítà kan lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń fa ẹ̀jẹ̀ tí bilirubin kún inú rẹ̀ jáde láti ibi ìwọ́, tó sì ń fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yẹ̀ wò rọ́pò rẹ̀, títí tí èyí tó wọlé yóò fi tó ìlọ́po méjì gbogbo ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ewu wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí wọn kì í fi í ṣe é àfi bí iná kò bá ní lè yára tó. Nígbà tí dókítà bá ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí, wákàtí ni à ń kà, kì í ṣe ọjọ́. Ẹbí tó bá ní kí àwọn lọ sílé lọ ronú sí i lè padà bá ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti lọ.

Ọmú ni oúnjẹ àti omi ọmọ tuntun. Wàrà àkọ́kọ́ tó ki, tó pọ́n, tí àwọn kan ń pè ní ìdọ̀tí tí wọ́n sì ń fún dànù, ló ń bá ọmọ ti ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ jáde, bilirubin sì wà nínú ìgbẹ́ náà. Ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá ló yẹ kí ọmọ mu ọmú láàárín ọ̀sán àti òru. Omi glúkóòsì kì í mú bilirubin wálẹ̀. Ó kàn ń gba àyè ọmú nínú ikùn tó kéré ni. Àgbo náà ń gba àyè kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ iye ohun tó wà nínú ṣíbí kan rẹ̀.

BÍ Ó BÁ ṢẸLẸ̀ NÍ SẸ́KỌ̀NÀ

Ti Sẹ́kọ̀nà sàn ju ti ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké lọ, nítorí pé ojú ọ̀nà ló wà. Ọ̀nà kan gba ibẹ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Apá kejì lọ sí Ẹdẹ, tó ní ilé ìwòsàn ìjọba tirẹ̀, ó sì gba ibẹ̀ dé Òṣogbo, níbi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí LAUTECH tẹ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́dé lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí wọn yóò ti yẹ ọmọ wò, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ohun tí wọ́n lè fi wọn bilirubin níbẹ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún òbí láti máa lọ síwájú láìdúró di ọjọ́ kejì.

Ìyá gbọ́dọ̀ bá ọmọ lọ. Òun ló ni ọmú, wọn yóò sì nílò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti fi wé ti ọmọ. Kí ó gbé ọmọ mọ́ àyà rẹ̀ lójú ọ̀nà kí òtútù má baà mú un, kí ó máa fún un lọ́mú, kí ó mú káàdì ìwé ìbí rẹ̀ dání. Kí bàbá ti mọ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lóru kí ọmọ tó dé ayé rárá, gẹ́gẹ́ bó ti mọ ibi tí yóò ti ra ẹran ìkómọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n yẹ ọmọ wò láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí i, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí 48 sí 72, àti lẹ́yìn náà láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá. Bí a bá kà á lọ́nà ti Yorùbá, ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Èyí tó bọ́ sí ọjọ́ kẹta ni àwọn òbí máa ń fojú fò jù, nítorí pé ara ìyá kò tíì le, àlejò sì pọ̀ nílé. Òun gan-an ló bọ́ sí àkókò tí bilirubin ń gòkè. Àlejò lè dúró de ìyá àti ọmọ kí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé.